Ìbọn Tó Lè Dé Òdìkejì Ọ̀gbun

Lọ́jọ́ tí Zuurakan ta abo ẹṣin rẹ̀, gbogbo abúlé Kara-Jar ló gbé e sẹ́nu. Wọ́n ní orí ìyá àgbà yìí ti dàrú. Opó tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun ló ń ta ẹṣin tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ mu, kó lè fi owó rẹ̀ ra ìbọn! Ẹ gbọ́ nǹkan! Zuurakan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni balẹ̀ kó tó dá a padà, kò wí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó fa okùn lé ẹni tó ra ẹṣin lọ́wọ́, ó fọwọ́ pa ẹṣin náà nímú, ó sì wọlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, kí ẹ̀yin náà má baà rò pé orí rẹ̀ dàrú lóòótọ́. Kydyr, ọkọ rẹ̀, ọdẹ ni. Ẹran tó máa ń pa ni teke, ìyẹn òbúkọ igbó tí ń gbé orí àpáta, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ dé ẹ̀yìn. Ìbọn Kydyr ti gbó, kì í ta jìnnà, torí náà ó di dandan kó máa fi àyà fà lórí àpáta títí yóò fi sún mọ́ ẹran náà débi tí yóò máa gbọ́ bó ṣe ń jẹko. Lọ́dún kan, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Yìnyín bo òkú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí i gbé wálé. Bektemir, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀, ṣì ń kọ́ bí a ti í gun ẹṣin nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, àdúrà kan ṣoṣo ni Zuurakan ń gbà lẹ́yìn ìrun, pé kí ọmọ òun sin òun. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò bẹ Ọlọ́run fún ọlà, kò sì bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀mí gígùn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni. Zuurakan gbé ìbọn baba pamọ́ sábẹ́ òkìtì aṣọ ìbora, Bektemir tú u rí. Ó ní kó máa da àgùntàn, ó ń dà á lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ń bẹ lórí àpáta. Nígbà tó dàgbà, tó ti ń fá irùngbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́dọọdún, òun àti Joomart ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe kékeré. Òtútù ọdún tó kọjá wá pa èyí tó pọ̀ jù nínú àgùntàn wọn. Ẹran teke ni wọ́n fi la ọdún náà já, kò sì ṣeé sọ fún Bektemir mọ́ pé kó má lọ sígbó. Ọjọ́ tó bá lọ, ìyá rẹ̀ kì í fẹnu kan tíì títí yóò fi gbúròó pátákò ẹṣin rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Zuurakan rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ní, "Bektemir, bí ìbọn bá lè ta láti ìhín dé òdìkejì ọ̀gbun, kí ni ẹsẹ̀ rẹ á tún máa wá lórí àpáta?"

"Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọ́n, Màámi."

"Mo bi ọ́ bóyá ó wọ́n ni?"

Bí abo ẹṣin ṣe lọ nìyẹn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ sí ìlú Naryn, Zuurakan, Bektemir àti Joomart. Ọkùnrin tó ń ta ìbọn níbẹ̀ ń jẹ́ Oskon. Ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú ikùn náà. Bó ṣe rí ìyá àgbà tó kó àwọn gìrìpá méjì sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá. Ṣé ogun lẹ fẹ́ lọ jà?"

"Bó bá jẹ́ ogun ni, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bá jà, pẹ̀lú iye tí o kọ sára nǹkan wọ̀nyí," ni Zuurakan dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan tó ń dán lórí ògiri. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ti àwọn àlejò olówó tó ń ti òkè òkun wá ni. Bí ẹ bá kó gbogbo ẹṣin abúlé yín tà, bóyá la máa lè jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìbọn kan yọ lábẹ́ tábìlì, èyí tí wọ́n fi àkísà epo wé. Igi ìdí rẹ̀ ti ha, ara irin rẹ̀ ti ṣá. Bektemir yí ojú sápá kan bí ìgbà tí wọ́n fi ìyàwó arúgbó hàn án.

"Má wo ara rẹ̀, àbúrò, inú ẹnu rẹ̀ ni kí o wò," Oskon ní. Ó tan iná sí i, Bektemir fi ojú kan sí i, ó rí i pé inú rẹ̀ dán bọ̀rọ́, kò sí ìpẹtà, kò sí ibi tó jẹ. "Ẹ tẹ́tí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyí. Àwọn ènìyàn á da gbogbo owó wọn lé ìbọn, wọ́n á wá fi ṣẹ́ńjì ra awò tí wọ́n máa gbé lé e láti fi wo ọ̀nà jíjìn. Afọ́jú tó gun ẹṣin eré-ìje nìyẹn. Ìbọn tálákà ni kí ẹ rà, kí ẹ wá ra awò ọlọ́lá lé e lórí. Kí ẹ ra irin gidi tó máa dì í mú kó má mì. Owó tó bá ṣẹ́kù, ọta ni kí ẹ fi rà, kó máa fi kọ́ṣẹ́. Ọta oríṣi kan náà o! Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọta bí ẹni ń pààrọ̀ ìyàwó kò ní mọ ibi tí èyíkéyìí ń gbà lọ."

"Ẹ̀gbọ́n Oskon, ẹ̀yin ti pààrọ̀ mélòó?" Joomart bi í.

"Ọta àbí ìyàwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Zuurakan ò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ló wá gbọ́. "Láti ibo dé ibo ló lè ta?"

 Oskon gbé awò sórí ìbọn náà, ó de irin rẹ̀ pinpin, ó sì kó wọn lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí odò Naryn ti ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀. Ó gbé ìbọn náà lé orí àpò iyanrìn, kò fi ọta sí i. Ó ní kí Màmá kúnlẹ̀, kó fi ojú sí i, kó wo òdìkejì odò níbi tí ẹnì kan ti ń tún ọgbà ṣe. Bí a bá fi ojú lásán wo ẹni náà, kò ju èèrà lọ.

Zuurakan fi ojú sí awò. Kò rí nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́, ojú rẹ̀ ń ṣú. Lẹ́yìn náà ló dédé rí irunmú. Irunmú ọkùnrin, tó gùn, tó ti pọ́n níbi tí èéfín sìgá ti ń gbà á. Ó rí ìṣó tí ọkùnrin náà fi eyín tẹ̀. "Yéè!" ni Zuurakan kígbe. Ojú rẹ̀ ò kúrò nínú awò, ó na ọwọ́ síwájú, ó fẹ́ fọwọ́ kan irunmú náà. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá afẹ́fẹ́ kiri ni.

Oskon rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bektemir àti Joomart di ara wọn mú, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Zuurakan fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge, irú ẹ̀rín tí Bektemir ò gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú. "Ó gbé e wá bá mi níbí!" ló ń wí. "Ọkùnrin tó wà lọ́hùn-ún, ó gbé e wá bá mi níbí! Rà á, ọmọ mi. Rà á, kí a máa lọ sílé."

Nígbà tí wọ́n délé, ó bu búrẹ́dì, ó gbé e lé Bektemir lọ́wọ́. Nílẹ̀ wọn, ẹni tó bá fi búrẹ́dì búra kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́.

"Sọ pé o ò ní gun àpáta mọ́."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu tíì."

"Búra kí o tó mu tíì."

Bektemir búra. Ó ní ibi tí àgùntàn bá lè gbà nìkan ni ẹsẹ̀ òun yóò máa gbà. Ó jẹ búrẹ́dì náà, ìyá rẹ̀ bu tíì fún un, ó fi wàrà àti iyọ̀ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Zuurakan sun oorun tí kò lá àlá kankan.

Ìgbà ooru tí wọ́n fi da ẹran lọ sórí pápá òkè, Bektemir ń yìnbọn sí òkúta funfun ní òdìkejì àfonífojì, Joomart ń pariwo ibi tí ọta bà fún un. Nígbà tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kì í tàsé òkúta tó tó orí ẹṣin mọ́, bó ti wù kó jìnnà tó. Zuurakan ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Àwọn tó bú u nítorí ẹṣin ti ń yìn ín. Ẹ mọ ọmọ aráyé.

Ìgbà ọdẹ dé. Bektemir àti Joomart lọ. Wọ́n rí teke kan lórí àpáta òdìkejì ọ̀gbun, Bektemir dùbúlẹ̀, ó ka Bísímílà, ó yìnbọn. Ẹran náà ṣubú. Àṣé ìbọn yìí gidi ni! Wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, wọ́n fò sókè. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá wo ọ̀gbun tó wà láàárín àwọn àti ẹran náà. Kò sẹ́ni tó ti ronú débẹ̀. Ọta ti kọjá, ẹsẹ̀ ló kù tí yóò kọjá.

Bektemir rántí búrẹ́dì tó jẹ. Ó ní ọ̀nà àgùntàn ni àwọn yóò gbà, èyí tó lọ yípo orí ọ̀gbun náà. Oòrùn wà láàárín òfurufú nígbà tí wọ́n gbéra, ó ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ẹran náà ti kú, ara rẹ̀ ti tutù. Bektemir fa ọ̀bẹ yọ, ó dú u bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, bàbá arúgbó kan pàdé wọn lójú ọ̀nà, ó kígbe pé, "Ṣiralga!" Ẹni tó bá pàdé ọdẹ tó ti ìgbẹ́ bọ̀ tó sì kígbe bẹ́ẹ̀, ọdẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, kó gé nínú ẹran fún un, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀tá. Àwa náà nílẹ̀ tiwa kúkú ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Àwọn kì í jẹ́ kí ọdẹ wọn rò ó rárá. Bektemir gé itan fún bàbá náà, bàbá náà ṣàdúrà fún un, wọ́n sì wálé.

Zuurakan ti gbé ìkòkò kaná tẹ́lẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ kan ẹran náà báyìí, ó dúró. Ìyàwó ọdẹ ni, ó mọ ẹran. Inú rẹ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan.

"Ìgbà wo lo dú ẹran yìí?"

"Màámi..."

"Mo ní ìgbà wo?"

Bektemir ò mọ irọ́ ọ́ pa, kò mọ̀ ọ́n pa láti kékeré. "Ó ti kú kí n tó débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gba ọ̀nà yípo."

"Mo ní kí o gba ọ̀nà yípo, mi ò ní kí o gbé òkú ẹran wá fún mi jẹ!"

Joomart dá sí i. "Màmá, ẹ gbọ́ ná. Ààfáà mọ́ṣáláṣí sọ pé bí ọdẹ bá ti ka Bísímílà kó tó yìnbọn, ẹran náà ti di halali."

"Ààfáà tó wí bẹ́ẹ̀, ṣé òun ló ń gbé ìkòkò kaná nílé mi?"

Wọn ì bá parí ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó bàbá arúgbó yẹn gbé itan ẹran padà wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níṣojú gbogbo aládùúgbò. Ó ní kí wọ́n má bínú, ẹran yìí ò ṣẹ̀jẹ̀, ilé àwọn kì í jẹ ẹ́. Ojú ti Zuurakan débi pé kò lè gbójú sókè. Bó ṣe wọlé, ó rí Bektemir tó jókòó sídìí ààrò, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

"Gbogbo ọjọ́ tí baba rẹ fi jẹ́ ọdẹ, kò gbé ẹran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò gbóná wọ ilé yìí rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń lépa ẹran. Ìwọ ń dùbúlẹ̀ bí aláboyún, o ń fi dígí wò ó."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó.  Bektemir kó ẹran náà síta, ó dà á fún àwọn ajá, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ó ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, ó ń bá a pọn omi, ó ń bá a la igi, ṣùgbọ́n kò bá a ṣeré mọ́. Ní òwúrọ̀ tó tún fẹ́ lọ sígbó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń di okùn gàárì.

"Màámi, èyí tí mo bá tún gbé wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti jáde tán pátá. Ẹ máa rí i."

"Má gun àpáta o," ni Zuurakan wí.

"Ẹ gbé omi kaná dè mí," ló fi dá a lóhùn.

Bó ṣe lọ tán ni àbámọ̀ mú Zuurakan. Irú ọ̀rọ̀ wo ni òun sọ sí ọmọ yìí? Ọmọ tó mú ìlérí ṣẹ, tó rìn yípo láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí búrẹ́dì tí òun bù fún un, òun wá fi baba rẹ̀ bú u. Ó ro bí òun yóò ṣe bẹ̀ ẹ́. Zuurakan ò mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀, kò ṣe é rí láyé rẹ̀. Kydyr ọkọ rẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá jà, Zuurakan kì í bẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò lọ fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta ńlá tó wà lẹ́nu abúlé. Bí Kydyr bá ń ti ìgbẹ́ bọ̀, yóò fò jáde bí àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí, yóò kígbe pé, "Ṣiralga!" Kydyr á bọ́ sílẹ̀, á tẹrí ba, á ní, "Arẹwà, yan ibi tó wù ọ́," ìjà á sì parí. Kò tíì kígbe náà láti ìgbà tí Kydyr ti kú.

Ó pinnu pé òun yóò ṣe é fún Bektemir.

Ó ṣe búrẹ́dì tuntun, ó dín irú puff-puff tiwọn tí wọ́n ń dín sínú ọ̀rá àgùntàn, ó fọ ìkòkò ńlá. Ó wọ ìborùn tí Bektemir rà fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó retí wọn, ó lọ jókòó sẹ́yìn òkúta yẹn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń gbọ̀n, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, ìyá àgbà, ọjọ́ orí rẹ mà ti kọjá èyí.

Ó gbúròó pátákò. Ó yọjú díẹ̀. Ẹṣin ti yọ ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹnì kan ń fà á bọ̀. Ó rí ìwo. Ìwo ńlá méjì tó tẹ̀ kọrọdọ, tó yọ sókè lẹ́yìn ẹṣin náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi tó gbàgbé eékún tó ń dùn ún. Ó dúró kí wọ́n sún mọ́, kí wọ́n sún mọ́ dáadáa, ó wá fò jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ṣiralga!" ló kígbe. "Ṣiralga, ọdẹ! Fún mi ní ìpín tèmi!"

Joomart ló ń fa ẹṣin náà. Ó dúró.  Zuurakan ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ló rí ẹṣin kejì, àwọn darandaran méjì ló ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣí fìlà lórí. Ó rí ohun tí wọ́n fi aṣọ òtútù wé, tí wọ́n dè mọ́ gàárì. Ó mọ bàtà tó yọ lábẹ́ aṣọ náà. Òun ló lẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí irú rẹ̀. Igbe tí Zuurakan ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní òpin abúlé gbọ́ ọ. Kò ṣubú. Ó rìn lọ bá ẹṣin náà, ó di bàtà méjèèjì mú, ó gbé ojú lé wọn, ó ń pè é bí ó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Wọn ò lè já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dì í mú títí wọ́n fi délé.

Joomart kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́.

"Ìbọn kan ṣoṣo ló yìn, Màmá, láti òdìkejì. Ẹran náà ṣubú, kò kú. Èmi ni mo ń fi awò wò ó. Èmi ni mo sọ pé, 'Ó ṣì ń mí.' Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ó fa ọ̀bẹ yọ. Mo ní ká gba ọ̀nà yípo, ó ní bí a bá gba ọ̀nà yípo, yóò ti kú. Mo dì í lápá, ó já ara rẹ̀ gbà. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó la odò ìsàlẹ̀ ọ̀gbun kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta."

"Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?" Zuurakan bi í.

"Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rí i kedere, bí mo ṣe ń rí yín yìí. Ó yí orí rẹ̀ sí Kíbúlà, ó dú u, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ó gbé ọ̀bẹ náà sókè kí n lè rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín, Màmá. Ó kígbe, ó ní kí n sọ fún yín pé ó gbóná. Ó wá gbé ẹran náà kọ́ ọrùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan, òkúta yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀." Joomart fi ọwọ́ bo ojú. "Mi ò tètè gbé ojú kúrò nínú awò. Mo rí gbogbo rẹ̀."

Wọ́n pa àgọ́ síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àwọn ọkùnrin fara ti ọ̀pá níta, wọ́n ń sunkún. Zuurakan jókòó nínú àgọ́, ó kọjú sí ara àgọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ènìyàn, ó ń dá arò. Obìnrin tó bá ń sunkún òkú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi arò sọ ẹni tí òkú náà jẹ́. Àwọn tó wá kẹ́dùn ń retí kó sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀ àti ìgboyà rẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé:

"Mo ní kó má gun àpáta,
mo tún ní kó má gbé òkú ẹran wálé.
Ọ̀nà wo ni mo ṣí sílẹ̀ fún ọmọ mi?
Ẹ wí fún mi, ọ̀nà wo ló kù tí ì bá gbà?"

Àwọn obìnrin ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kádàrá ni. Kò gbọ́. Kò yí ohùn padà títí wọ́n fi gbé Bektemir lọ sin.

Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ẹran náà ṣì wà ní ilé ẹ̀yìn níbi tí wọ́n gbé e kọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan wá yọ́ sọ fún Joomart pé kó gbé e lọ dà sódò, ẹran tó pa ènìyàn kò ṣeé jẹ. Zuurakan gbọ́ ọ. Ó dìde, ó lọ sí ilé ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ó fi ìka tọ ọrùn ẹran náà yí po níbi tí ọ̀bẹ ti gbà kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ gé e, kò ṣá, kò ha. Ara ẹran náà mọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbì kankan.

"Ó dú u dáadáa," ló wí. "Baba rẹ̀ gan-an kò ṣe é jù báyìí lọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ," ni Joomart bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ gbé e lọ síbo? Mo ké Ṣiralga, àbí n ò ké e? Gé ìpín mi fún mi."

Joomart ń sunkún, ó ń gé e. Zuurakan gbé ìkòkò ńlá kaná, ìkòkò tó ti fọ̀ dè wọ́n. Ó bu fún gbogbo ilé tó wà ní Kara-Jar. Nígbà tó gbé ti bàbá arúgbó yẹn dé ẹnu ọ̀nà wọn, ìyàwó bàbá náà bọ́ síta, ó wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ ẹ́," ni Zuurakan sọ fún un, "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná." Òun náà padà sílé, ó fi èyí tó kù sẹ́nu.  Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, omi ojú ń bọ́ sínú àwo, ó sì gbé e mì.

Ìgbà tí yìnyín yọ́, Joomart wá gbé ìbọn náà. Oskon ti gbọ́, ó ránṣẹ́ pé òun yóò gbà á padà, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ra abo ẹṣin mìíràn fún Màmá. Zuurakan tú u kúrò nínú aṣọ, ó gbé e lé Joomart lọ́wọ́. Kò sunkún. Joomart ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè é padà.

"Gbé e lé orí ògiri yìí. Fi ibẹ̀ hàn mí."

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi rírí rẹ̀ ṣe?"

"Fi ibẹ̀ hàn mí, Joomart."

Ó gbé ìbọn náà lé orí ògiri ọgbà àgùntàn, kò sí ọta nínú rẹ̀. Ó wá ibẹ̀ kiri lára àpáta tó ń yọ lókèèrè títí ó fi rí i, ó sì sún sẹ́yìn. Zuurakan kúnlẹ̀, ó fi ojú sí i. Àpáta náà sún mọ́ ọn, ó rí ibi tí òkúta ti yẹ̀, ó rí koríko tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níbẹ̀. Ẹyẹ kan bà síbẹ̀, ó ń ṣa nǹkan jẹ. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ju ìwọ̀n apá lọ.

Ó na ọwọ́ síwájú. Ojú rẹ̀ ò kúrò nínú awò, ọwọ́ rẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́ kiri. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Joomart wá gbé e dìde, ó mú un wọlé, ó sì bá a gbé omi tíì kaná.